Oògùn ò mọ́ ẹ lára, kòkòrò ni oògùn ò ràn

Lọ́jọ́ Sátidé, inú takisí láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká ni mo tún ti gbọ́ ọ. Ìyá kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ òun kọ̀ kò jiná, ọyún ló ń jáde níbẹ̀. "Oògùn ti mọ́ ọn lára ni. Ó ti lò ó jù láti kékeré." Dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n ra èyí tó le jù ú lọ ní kẹ́mísì. Mo fẹ́ dákẹ́, ẹnu ń yún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn apakòkòrò, Ampiclox o, Cipro o, kì í mọ́ èèyàn lára. Kòkòrò tó wà lójú egbò ni oògùn ò ràn.

Níbí ní Àkúrẹ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi yìí, tí orí bá ń fọ́ ọ, á sùn ni. Òun àti oògùn ò rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, aṣọ tí wọ́n fi di ojú rírán náà ti rin, ó ń rùn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un kò sì ṣe nǹkan kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní oògùn ti mọ́ ọn lára. Èwo nínú èyí tí kò lò rí?

Èmi ni mo lọ gba èsì ní láàbù. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ gbé àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan hàn mí. Ohun inú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ti fi kòkòrò inú ọyún àbúrò mi ra gbogbo ojú rẹ̀ lánàá, wọ́n wá to bébà róbótó-róbótó mẹ́jọ lé e, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyíká bébà méjì mọ́ kedere, bí iwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ní ti mẹ́fà yòókù, kòkòrò hù débi bébà gan-an, bí koríko tó hù dé ẹsẹ̀ ògiri. Mo ní, "Èyí tí wọ́n ń gún un ńkọ́?" Ó fi ẹnu bíírò tọ́ka sí ọ̀kan. Koríko ti yí i ká pátápátá.

Àbúrò mi ò sí nínú àwo yẹn o. Ilé ló wà, tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ta wá ni oògùn mọ́ lára nínú rọ́bà?

Oògùn á pa kòkòrò tí kò lágbára, èyí tó le á ṣẹ́ kù, á máa bímọ, ọwọ́ àti irinṣẹ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa á sì gbé e dé ara ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọdún 1959 ni methicillin, oògùn apakòkòrò kan, jáde. Nígbà tó fi di 1961, wọ́n ti kéde kòkòrò Staphylococcus tí oògùn náà ò ràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún méjì péré, ara ta ló tíì mọ́? Èyí tó ṣọ̀wọ́n tún wà, Mycobacterium abscessus, tó ń gbé inú omi àti erùpẹ̀. Egbò á ti jiná, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ibẹ̀ á tún wú, oògùn apakòkòrò tó wà ní kẹ́mísì ò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án rárá. Ta ló ń fún omi ẹ̀rọ ní Ampiclox?

Ó dáa, mo gbà pé oògùn oorun máa ń mọ́ni lára, àti pé ẹni tó ń fi apakòkòrò ṣe gúgúrú ń sin kòkòrò líle sára. Kòkòrò náà ṣì ni.

Ọ̀kan nínú oògùn méjì yẹn, pẹ̀lú egbò tí wọ́n tú tí wọ́n sì ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ló wo àbúrò mi sàn.

Mo rò gbogbo èyí fún ìyá náà títí a fi dé Alágbàká. Ó ń mi orí. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀, ó di aṣọ mi mú: "Ọmọ mi, o ṣé o. Kí wá lorúkọ oògùn tó wo àbúrò rẹ sàn?"

Mo ní, "Mà, kòkòrò tirẹ̀ kọ́ ni ti ọmọ yín. Ẹ gbé ọyún lọ sí láàbù."

Ó jọ̀wọ́ aṣọ mi, ó kọjú síwájú: "Dẹ́rẹ́bà, kẹ́mísì wo lo ní wọ́n ti ń tà á?"