Ta ló ní láìsí póìntì 33, kò sí slam?

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń ta bridge, eré káàdì ẹni mẹ́rin tí a ń ta ní méjì-méjì, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tún gbé e dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà ló jókòó tì wọ́n, ni wọ́n bá sọ fún un nípa slam, ìyẹn ìlérí pé ẹ máa jẹ ó kéré tán trick 12 nínú 13 (káàdì mẹ́rin, ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, ni trick kan), pé: "Bí póìntì tìrẹ àti ti ẹnìkejì rẹ kò bá pé 33, má dá a láṣà láti pe slam." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi náà tẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́rin, mo sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi.

Ibi tí wọ́n ti mú un wá kò le. A jẹ́ 4, K jẹ́ 3, Q jẹ́ 2, J jẹ́ 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Bí ẹ bá ní 33, póìntì 7 ló kù sọ́wọ́ àwọn alátakò, A méjì sì jẹ́ 8, wọn ò lè ní méjì. Àlàyé wọn ò jù báyìí lọ.

Ẹ wá wo káàdì tó là mí lójú. Ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, níbi tí tábìlì méjì ti ń ta káàdì kan náà. Ọwọ́ mi rèé:

♠ A K J 8 6 2  ♥ 5  ♦ A 7 6 3  ♣ 8 4

Ti ẹnìkejì mi rèé:

♠ Q 9 7 5  ♥ A 8 6 3  ♦ 4  ♣ A K 7 2

Mo ní 12, ó ní 13. Nígbà tó fi hàn mí pé òun ní ♠ mẹ́rin àti agbára tó tó géèmù (ìlérí tó ní èrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tó slam), mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé a jìnnà sí 33, mo dúró ní 4♠: ìlérí trick 10, tí ♠ sì jẹ́ trump, oríṣi tó ń pa gbogbo yòókù. Trick 12 ni mo jẹ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ bá mi kà á. ♠ mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ àwọn alátakò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á tó fi tán. Mo ta ♦A, mo fi ♠ ti ẹnìkejì mi pa ♦ kan (èmi ni mo ń ta káàdì àwa méjèèjì). Mo ta ♥A, mo fi ♠ pa ♥ kan láti padà sọ́wọ́ ara mi, mo sì tún fi ♠ ọ̀hún pa ♦ mìíràn. ♠ mẹ́fà tèmi, ♦ méjì tí mo fi ♠ pa lọ́hùn-ún, ♥A, ♦A, ♣A, ♣K: méjìlá. Póìntì 15 ló wà lọ́wọ́ wọn! ♥ K, Q, J wọn kò rí nǹkan kan jẹ. ♦ K, Q, J rí ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní tábìlì kejì, ẹni tó ni ọwọ́ ẹnìkejì mi gbọ́ 1♠, ó fò sí 4♦. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo ní ♠ tó tó fún ọ, ẹyọ ♦ kan péré ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ní ♦ A 7 6 3 mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé K àti Q ♦ tí òun kò ní kò pa òun lára rárá. Ó béèrè A, ó pe 6♠. Vulnerable ni wá, ìyẹn ipò tí èrè àti ìyà ti ń pọ̀ sí i: 1430 fún wọn, 680 fún wa. IMP 13 (IMP ni máàkì tí a fi ń ka ìyàtọ̀ láàárín tábìlì méjèèjì) lọ lórí káàdì kan, IMP 9 ni wọ́n sì fi borí wa nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Ká ní mo ka àdánù dípò póìntì ni! Nínú oríṣi káàdì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka A, K àti Q tí ẹ kò ní, kó má ju iye káàdì tí ẹ ní nínú rẹ̀ lọ. Tèmi jẹ́ 6, tirẹ̀ jẹ́ 6. Ẹ yọ 12 kúrò nínú 24, 12 ló kù, iye trick tí mo jẹ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rù ló ń ba àwọn tó ń sọ 33 yìí, ṣùgbọ́n máàkì eré náà kò bá ẹ̀rù wọn lọ. Bí a bá jẹ́ vulnerable, tí a pe 6♠ tó sì bọ́ sí i, a fi 750 ju ẹni tó dúró ní 4♠; bí ó bá fi trick kan já, 750 kan náà ni a pàdánù. Ìdajì sí ìdajì ti tó. Láti ìgbà tí Harold Vanderbilt ti ṣètò bí a ṣe ń ka eré yìí ní 1925, ẹni tó bá pe slam nìkan ló ń gba èrè rẹ̀. Ẹni tó jẹ trick 12 ní 4♠ kò rí i gbà.

33 gan-an kì í sì í dáàbò boni. A àti K jẹ́ 7. Bí méjèèjì bá jẹ́ ♣, tí ẹ ní ♣ Q 5, tí ẹnìkejì yín ní ♣ J 3, àwọn alátakò á kó trick méjì kí ẹ tó mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣẹlẹ̀ níṣojú mi.

Bí ọwọ́ méjèèjì bá rí pẹrẹsẹ, tí ẹ fẹ́ ta no-trump (eré tí kò ní trump), mo gbà pé 33 kò burú. Ibẹ̀ nìkan.

Mo kọ ọwọ́ méjèèjì sí bébà fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kó tó lọ, mo ní kó tà á fúnra rẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n náà gba bébà ọ̀hún wò, wọ́n ka póìntì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní àwọn náà fẹ́ ẹ̀dà kan.