Ẹ má jẹ́ kí ẹkún nìkan jẹ́ iṣẹ́ olorì nínú àhámọ́

Èrò ọkàn mi rèé lórí ohun kan tó ń dùn mí gan-an: bí a ṣe ń kọ eré àgbéwò alápá-púpọ̀ nípa olorì tàbí ọmọ ọba obìnrin tí wọ́n sé mọ́lé, tó wá di alágbára nílùú. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á sunkún títí ojú á wú, ọdún mẹ́ta á kọjá nínú ìṣẹ́jú kan, ọmọ ọba kan tó ń fẹ́ ẹ á wá já ilẹ̀kùn. Ó jáde, ó dé adé, ìlú ń jó. Ibi tí ìtàn wà gan-an ni òǹkọ̀wé fò kọjá yẹn.

Ẹ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń fi ọba jẹ. Kí ọmọ oyè tó dé adé, ìpèbí ni wọ́n ń mú un wọ̀. Oṣù mẹ́ta ni ní ọ̀pọ̀ ìlú. Kì í rìn kiri, kì í rí ẹni tó bá wù ú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìtàn ìdílé, èèwọ̀, bí ọba ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ọba gbọ́dọ̀ dákẹ́. Yorùbá gbà pé inú àhámọ́ ni ọkùnrin ti ń kọ́ ìjọba. Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá kan obìnrin, ẹkún nìkan ni àhámọ́ ń kọ́ ọ?

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ẹni tó tì í mọ́lé àti òfin tó fi tì í, torí òfin yẹn náà ló máa sọ ẹni tó lè ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ opó ló ń ṣe, ọjọ́ ti wà nílẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń kà nínú àṣà ìbílẹ̀. Tí olóògbé bá jẹ́ mùsùlùmí, bí ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Iye ọjọ́ yẹn wúlò ju ẹkún lọ. Gbogbo ìlú mọ ọjọ́ tó máa jáde, àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe, wọ́n ní láti ṣe é kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ ka ọjọ́ náà létí àwọn òǹwòran. Tó bá ku méje, kí a mọ̀ pé ó ku méje.

Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn án, ọ̀rọ̀ yí padà. Èkó ní àpẹẹrẹ tó le. Nígbà ayé Ọba Olúwọlé, Ẹlẹ́tù Òdìbò, ìjòyè àgbà kan, fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọ̀pọ̀ Olú, obìnrin olówó tí òun àti ọmọ ọba Kòsọ́kọ́ jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Wọ́n dífá, ifá ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò nílùú. Inú bí Kòsọ́kọ́, ó gbé ogun tí wọ́n ń pè ní Ewé Kókò, ogun náà kò gbè é, òun náà sì sá lọ. Ẹ fojú sí ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n dá obìnrin náà láre, ìyà rẹ̀ kò sì yẹ̀, torí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ṣì wà lórí àga rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lo apá mẹ́rin nínú eré alápá mẹ́tàlá láti fi wá ẹ̀rí pé olorì kò jẹ̀bi ti fi apá mẹ́rin ṣòfò. Kí ó lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi yẹ ẹsẹ̀ àga ọ̀tá rẹ̀.

Báwo ló ṣe máa yẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò lè jáde? Mo ní kí ẹ wá ẹni tó ń pọn omi.

Ààfin kì í ṣe yàrá kan tó ṣókùnkùn. Ilé ńlá ni, àgbàlá wọ inú àgbàlá, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mumi, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n dáná, kí ẹnìkan gbé ìdọ̀tí jáde. Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dó ti Ọba Akitóyè mọ́ Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi dídùn wọ́n, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Ogun Olómirò. Omi ọ̀sà ló yí erékùṣù ká o, àwọn ará ìgà sì ń wá omi mímu bí ẹni ń wá wúrà. Nígbà tó yá, Akitóyè gba ojú omi Àgbóyìí sá. Ìtàn sọ pé Oṣòdì Tápà, ọ̀gágun Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ló jẹ́ kó kọjá, tó sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ojú òun rí i bí ẹni àwámáridìí.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀: ìwà ẹni tó ń ṣọ́nà ló ṣí ọ̀nà yẹn. Ẹ̀ṣọ́ tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìyá, tí kò ní gbèsè, kò lè ran ìtàn yín lọ́wọ́. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ́ mẹ́ta péré, kí a mọ̀ wọ́n. Kí olorì mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí nínú wọn, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò sanwó fún, àti ẹni tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ rárá. Ẹni kẹta yẹn ṣe pàtàkì jù, torí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dúró.

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ. Ẹ fojú inú wo ẹ̀kọ mẹ́wàá nínú igbá, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀ṣọ́ tú méjì wò lókè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó jẹ díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé. Abẹ́ igbá ni ẹ̀kọ kan wà tí okùn rẹ̀ yí lápá òsì. Nínú rẹ̀, owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín sórí òwú. Kò sí ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ, mo fẹ́ rí ọ. Tí olorì bá fẹ́ fèsì pé òun gbà, mẹ́jọ ló máa dá padà nínú ewé tó ṣófo: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Tó bá sì jẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀, ó gbọ́dọ̀ wo ibi tí ojú wọn kọ sí. Kí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀rẹ́ ni. Kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé.

Àrokò rèé, tiwa ni, kò sì sí ohun tó bá àhámọ́ mu tó o. Ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún 19, èyí tí ọmọ Yorùbá kan tó wà nígbèkùn ní Dàhómì fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àkísà. Ara mi le bí òkúta. Ohun tó wà níwájú mi dúdú bí èédú. Àníyàn ń ta mí bí ata. Ara mi gbóná débi pé àgbàdo lè yan lórí rẹ̀. Àkísà ni aṣọ tó kù lọ́rùn mi. Nǹkan márùn-ún péré! Òǹkọ̀wé tó mọ èyí, tó tún ní kí olorì máa fi gègé kọ lẹ́tà gígùn nígbà ayé tí kò sí ìwé nílùú, kò ṣe dáadáa sí wa.

Àrokò máa ń bàjẹ́ ṣá, ibi tó ti bàjẹ́ sì ni ìtàn ti ń dùn. Òwú lè já, kí ẹyọ kan bọ́ sínú ẹ̀kọ, mẹ́fà á wá di márùn-ún. Ìránṣẹ́ lè so ẹyọ méjì tó já padà láì mọ̀ pé òun ti yí ojú wọn. Ìlú méjì sì lè má túmọ̀ rẹ̀ bákan náà. Ẹ fi irú àṣìṣe yìí pa ẹnìkan tí olorì fẹ́ràn, kí ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti wá.

Owó ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ eré ti máa ń ṣubú. Olorì á yọ àpò kékeré kan lábẹ́ ìró, á fi ra ẹ̀ṣọ́, á fi ra ìjòyè, á fi ra ọmọ ogun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, 20,000 owó ẹyọ, ẹrù orí alágbára kan odidi. Tí olorì bá fẹ́ fi ọ̀kẹ́ márùn-ún ran ìjòyè kan lọ́wọ́, alárù márùn-ún ló gbọ́dọ̀ tò jáde ní ojú gbogbo ayé. Kò ṣeé fi pa mọ́. Nítorí náà, gbèsè ni yóò lò. Ó ti ní alájàpá tó jẹ ẹ́ lówó kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Ó ránṣẹ́ sí i: má san án fún mi mọ́, san án fún ìjòyè báyìí-báyìí. Owó kò gba ẹnu ọ̀nà ààfin kọjá rárá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a rí olorì lọ́jà, pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀, ní apá kìíní, kí a tó tì í mọ́lé ní apá kejì. Ẹni tí kò ní ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan kò lè fi àhámọ́ ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn òǹkọ̀wé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí àhámọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ipò. Ní ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ìyá Kéré ló ń tọ́jú adé àti àwọn ohun ìjọba, òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí ní ọjọ́ ìgbadé. Àwọn Ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n ń fá ìlàjì orí wọn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Tí ó bá sì ti gba ipò náà, kò tún gbọ́dọ̀ jẹ́ aya ẹnikẹ́ni mọ́ títí ayé. Ẹ wo bí ó ti tóbi tó. Obìnrin tí kò lè lọ́kọ, inú ààfin ni ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí ọba, ó lè gbé adé pa mọ́ kí ọba máa wò ó. Ta ló wà lẹ́wọ̀n nínú àwọn méjèèjì?

Ibi tó máa dé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ oyè tó wà lóòótọ́. "Ọbabìnrin" tí ìlú kan ṣàdédé fi jẹ torí ó rẹwà, tó sì jìyà, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyálóde wà. Erelú wà. Adèlé wà: ní Àkúrẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin ọba ló ń dúró nípò bàbá rẹ̀ tí ọba bá wàjà, aṣọ ọkùnrin ló sì ń wọ̀ jókòó. Ní Èkó, Erelú Kútì kìíní jẹ́ ọmọ Ọba Adó, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Ológun Kútere, sì jọba, ìdílé náà ló ń jẹ títí di òní. Obìnrin ni ìtẹ́ Èkó gbà kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀ yìí, kó wọkọ̀ dé Ìdúmọ̀tà, kó fẹsẹ̀ rìn dé Ìta Tinúbú. Ní 1856, pẹ̀lú bí Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń tì í lẹ́yìn, Ọba Dòsùnmú lé Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá, kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Kò jókòó sí Abẹ́òkúta kó máa sunkún Èkó. Ó padà sẹ́nu òwò, títí kan òwò ìbọn àti ẹ̀tù. Nígbà tí Dàhómì gbógun dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1864, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tí ìlú nílò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Ọdún mẹ́jọ! Bí a bá fi àánú kọ ìtàn rẹ̀, a ó gbàgbé ẹ̀tù, ẹ̀tù náà sì ni ìtàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìlú pọ̀ mọ́ra. Tí ẹ bá gbé olorì sí Èkó, kò sí Ọ̀yọ́mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè àgbà Ọ̀yọ́, níbẹ̀ tí ó máa bẹ̀. Ìjòyè onífìlà funfun ni: Àkárìgbẹ̀rẹ̀ tí Ẹlẹ́tù Òdìbò ń ṣáájú, Ìdẹ́jọ onílẹ̀ tí Olúmẹ́gbọ́n ń ṣáájú, Ògáládé tí Ọbaníkòró ń ṣáájú, Àbàgbọ́n ológun tí Aṣọ́gbọ́n ń ṣáájú. Ohun tó máa wọ onílẹ̀ létí kò ní wọ ológun létí. Tí ẹ bá sì gbé e sí Ọ̀yọ́ ṣáájú 1859, ẹ rántí pé Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọmọkùnrin ọba, máa ń bá ọba kú ni. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Àtìbà ni Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, kọ́kọ́ yẹ̀ é tó sì jọba, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á lọ́ba, ogun sì dé. Olorì tó bí Àrẹ̀mọ nígbà yẹn mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ òun bá lọ, ọmọ òun náà lọ. Obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ní dúró de ọmọ ọba kankan láti wá já ilẹ̀kùn.

Ní ti ìran tó gbẹ̀yìn, mi ò fẹ́ rí ijó. Mo fẹ́ kó jáde, kó jókòó sí àgbàlá, kó ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin tó ń gbé ẹ̀kọ wọlé. Ẹ̀kọ mélòó ni mo jẹ ọ́? Kí ọmọ náà kà á. Kí olorì gbé okùn owó ẹyọ sórí itan, ogójì, ogójì, kó máa kà á lé e lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ìjòyè mẹ́rin ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò tíì sẹ́ni tó ní kí wọ́n wọlé.