Ẹ ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn ọmọ

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ohun tí ẹ kọ yìí, pé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń sáré wọ igbó lọ yàgbẹ́ lásìkò ilé ìwé, kì í ṣe tuntun létí àwa tí à ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Nílé ìwé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa, wọ́n kùn ún lọ́dà. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwọn tíṣà nìkan ló ń lò ó, wọ́n ní kò sómi tí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ bí àwọn ọmọ bá wọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn kì í mumi láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún méje!

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà fún ọmọbìnrin 25, kí ọ̀kan pẹ̀lú ibi ìtọ̀ wà fún ọmọkùnrin 50. Àṣẹ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ní kí yíyàgbẹ́ síta dópin ní Nàìjíríà tó bá fi máa di 2025.

Kíkọ́ nìkan kọ́. Omi ńkọ́, ọṣẹ ńkọ́? A tún nílò ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ tí a ó máa sanwó fún lóṣooṣù, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú, torí àwọn ọmọbìnrin kan ti ń rí nǹkan oṣù kí wọ́n tó kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà tí ẹ̀ ń múra rèǹtèrente wá sí ọdún Ojúde Ọba, mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé ìwé kan, kí ẹ máa sanwó omi àti owó ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ ṣí àgádágodo yẹn lọ́la.