Ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fọwọ́ kàn kò yẹ kó gbé olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ga

Bí àkókò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá ti ń sún mọ́lé ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí à ń pè ní NCE, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu àwa olùkọ́, ti jọ́nà ni, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí a ti ń tẹ ìwádìí jáde: "Jọ́nà mélòó lo ní?" Kò sẹ́ni tí í béèrè pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló mọ búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán ásíìdì ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, lò lábẹ́ rẹ, tàbí pé ilé ẹ̀kọ́ girama wo ló rí ohun èèlò sáyẹ́ǹsì gbà láti ọwọ́ rẹ. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí, mo sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá mi kò ní fara mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ìwádìí tí kò bá gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá kò yẹ kí a fi í gbé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ga, bó ti wù kí jọ́nà tó gbé e jáde lókìkí tó.

Kí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, ó yẹ kó mọ ohun tí olùkọ́ fisíìsì, kẹ́mísìrì tàbí bàólọ́jì ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin rẹ̀. Yóò kọ́ni ní kíláàsì, yóò to ohun èèlò sílẹ̀ ní láàbù, yóò sì darí pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó fẹ́ jáde. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá kéré, ó lè bá ara rẹ̀ nídìí kọ́ọ̀sì tí òun fúnra rẹ̀ kò kà mọ́ láti ìgbà tó ti gboyè àkọ́kọ́. Nígbà TP, ìyẹn ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, yóò gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láàbù rárá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya búrẹ́ẹ̀tì sára pátákó ìkọ̀wé nítorí pé kò sí ojúlówó rẹ̀ tí yóò fi hàn. Ó tún yẹ kó lọ sí àpérò STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, kí ó kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, kí ó sì kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Nígbà tí wọ́n bá wá ń ka máàkì fún ẹni tó ń lọ sí ipò Chief Lecturer, ipò olùkọ́ tó ga jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àpilẹ̀kọ ni yóò wúwo jù. Ìrìn ọ̀kadà yẹn kò ní gbà ju ìlà kan lọ nínú fáìlì rẹ̀.

Ohun tí ètò yìí ń bí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn jọ́nà kan wà tí wọn kì í ka iṣẹ́ tí a bá fi ránṣẹ́ sí wọn, bí a bá ti sanwó, ó ti wọlé nìyẹn. Àwọn àpilẹ̀kọ wà tí orúkọ ènìyàn márùn-ún wà lórí wọn, tó sì jẹ́ pé ẹni méjì ló ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn á di erùpẹ̀ tàbí omi kànga sínú ọkọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù yunifásítì ńlá kan, wọ́n á sanwó kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì padà dé pẹ̀lú bébà tí èsì wà lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò rí ohunkóhun níbẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni ti àwa tí a ti sá kúrò nídìí sáyẹ́ǹsì pátápátá, tí a wá ń pín ìwé ìbéèrè káàkiri láti mọ ìhà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ìbílẹ̀ báyìí kọ sí kẹ́mísìrì. Mo ti ka irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ débi pé mo mọ ìparí rẹ̀ kí n tó ṣí i: àwọn ọmọ náà kò fẹ́ràn kẹ́mísìrì nítorí pé kò sí ohun èèlò. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wá ṣe ohun èèlò náà?

Ẹni tó bá rò pé ìwádìí gidi kò lè ti ọwọ́ àwọn tí kò tíì gboyè wá, kí ó wo ohun tí Percy Julian, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ṣe ní DePauw, ní ìlú Greencastle, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì ni ibẹ̀ ń jẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni í ṣe. Aláwọ̀ dúdú ni Julian, Montgomery ní Alabama ni wọ́n ti bí i ní 1899. DePauw yìí náà ló ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1920, òun ló sì ṣe ipò kìíní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Vienna ní 1931, ó padà sí DePauw láti wá ṣe ìwádìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jáde ló sì fi ṣe olùrànlọ́wọ́, tí orúkọ wọn ń bá tirẹ̀ jáde nínú jọ́nà àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì Amẹ́ríkà. Ní 1935, òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Josef Pikl, parí iṣẹ́ lórí bí a ṣe lè fọwọ́ ṣe physostigmine ní láàbù, èròjà tí wọ́n máa ń fi tọ́jú àrùn ojú tí à ń pè ní glaucoma nígbà náà. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni orísun èròjà náà, inú ẹ̀wà Calabar tí àwọn Efik ń pè ní esere, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Robert Robinson, àgbà onímọ̀ ní Oxford, wà lórí iṣẹ́ kan náà. Julian kọ ọ́ sójú ìwé pé ọ̀nà tí Robinson gbà kì í ṣe ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Julian ló sì jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀, DePauw kọ̀ láti fún un ní ipò olùkọ́ àgbà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Glidden lọ ní 1936. N kò ní fọwọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ tó lò níbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ náà ni wọ́n jọ ṣe ìwádìí ní láàbù.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ẹ̀ka tiwa, àwọn ọmọ ọdún kẹta kan fi eérú èèpo kòkó ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ń se ọṣẹ dúdú, ohun tí ìyá náà sì máa ń sọ ni pé èèpo tí òjò bá ti pa kò ṣe é fi se ọṣẹ, pé agbára inú rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ náà sá èèpo kan sábẹ́ òrùlé, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún òjò, wọ́n wá sun méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n wọn eérú wọn lórí òṣùwọ̀n kan náà, wọ́n da omi gbígbóná sí i, wọ́n sẹ́ ẹ. Ìṣápá pupa tí wọ́n bọ̀ ni wọ́n fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: bí wọ́n bá kán an sínú omi eérú, á yí sí àwọ̀ ewé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán ásíìdì sí i láti inú búrẹ́ẹ̀tì, tí á máa hó díẹ̀díẹ̀, títí tí àwọ̀ náà yóò fi padà di pupa lójijì. Omi eérú ti èèpo tí òjò pa kò gba ásíìdì púpọ̀ kó tó yí padà. Òótọ́ ni ìyá náà sọ, nítorí pé potassium tó ń sọ eérú di alágbára yára láti bá omi lọ. Ọmọ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ti tún un ṣe nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ kò bá ara mu, kò ní ya búrẹ́ẹ̀tì sára pátákó lásán nígbà tó bá di olùkọ́. Yóò wá nǹkan dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń ka máàkì ìgbéga, iṣẹ́ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé "pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ NCE" lásán ni.

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ tí à ń gbà wọlé kò mọ̀wé tó, pé ọdún mẹ́ta kò tó fún ohunkóhun, pé iná mànàmáná kò sí. N kò lè jiyàn ti iná. Ní ti àwọn ọmọ, àwa la gbà wọ́n, àwa náà la sì ń rán wọn jáde lọ kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn. Ní ti owó, TETFund wà, láti ara owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn, ó sì ní owó ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní IBR tí olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún. Kò sí ohun tó burú bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá là á sílẹ̀ nínú ètò tirẹ̀ pé ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi akẹ́kọ̀ọ́ sí i, kí orúkọ wọn sì jáde níbi tí èsì náà bá ti jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i nísinsìnyí, nítorí pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń di yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan: ti Ìkẹ́rẹ́, ti Iléṣà, Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, àti Adeyemi ní Oǹdó. Bí orúkọ bá ti yí padà, jọ́nà ni wọn yóò tún máa béèrè jù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé TP àti láàbù ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àwọn tó ń kọ òfin ìgbéga tuntun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣì lè kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí pé àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kópa nínú rẹ̀ yóò gba máàkì ju èyí tí olùkọ́ dá ṣe lọ, àti pé ohun èèlò tí olùkọ́ bá ṣe, tí ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń lò, jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí pẹ̀lú.

Ẹnìkan tún wà tí a máa ń gbàgbé, ìyẹn tẹknọ́lọ́jíìsì láàbù. Òun ló ń po ásíìdì, òun ló mọ búrẹ́ẹ̀tì tó ń jò, òun ló sì máa ń dúró ti àwọn ọmọ nígbà tí olùkọ́ wọn bá wà ní ìpàdé. Bí a bá ń to orúkọ sórí àpilẹ̀kọ, kí a fi tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì ṣáájú ti ọ̀gá ẹ̀ka tí kò yọjú sí láàbù náà rí.