Ọ̀nà àlọ yàtọ̀ sí ọ̀nà àbọ̀: ọ̀rọ̀ static route lórí switch

Ẹ̀yin tèmi tí ẹ ń ṣe nẹ́tíwọ̀kì, ẹ jẹ́ ká sọ eléyìí síta torí ó ń jẹ àsìkò wa jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé téèyàn bá ti kọ static route (ọ̀nà téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ) sórí switch kan (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀), tó ping (kó fi wò bóyá ẹ̀rọ kejì á dáhùn) láti orí switch yẹn tó sì dáhùn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ṣebí ibi tí packet (ègé ìsọfúnni tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ̀kì) gbà lọ náà ni èsì máa gbà bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o.

Packet kì í rántí ọ̀nà tó gbà. Switch yòówù kó dé, ibi tó ń lọ nìkan ni wọ́n ń wò lára ẹ̀, tí èsì bá wá fẹ́ padà, ìrìn àjò tuntun gbáà ni, switch òdìkejì á tún wá a nínú route table tiẹ̀ (àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà tó mọ̀), tí kò bá rí i níbẹ̀ tí kò sì ní default route (ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi yòówù tí kò mọ̀), á dà á nù ni.

Ẹ wò ó. Switch Cisco méjì, ilé méjì, 10.0.0.1 àti 10.0.0.2 ló so wọ́n pọ̀. Ti ọ̀hún, 10.0.0.1, ní VLAN 10 (nẹ́tíwọ̀kì kékeré tá a pín sọ́tọ̀ lórí switch), 192.168.10.0/24, tìhín, 10.0.0.2, ní VLAN 50, 192.168.50.0/24. A kọ eléyìí sórí ti ọ̀hún, pé kó gba 10.0.0.2 lọ sí VLAN 50:

ip route 192.168.50.0 255.255.255.0 10.0.0.2

A ping 192.168.50.10 láti orí switch, ó ń dáhùn geere. PC tó wà ní VLAN 10 ping ẹ̀, Request timed out. Àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní firewall ni, ó pa firewall, ó pààrọ̀ cable, ó pa PC ó tún un tàn, odindi ọ̀sán la fi jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, switch tó bá ń ping fúnra ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ojú (interface) tó gbà jáde ló ń lò, ìyẹn 10.0.0.1, tìhín sì mọ̀ ọ́n torí ara wọn ni wọ́n so mọ́, kò nílò route kankan láti dá a lóhùn. PC ńkọ́? 192.168.10.25 ló ti wá, tìhín ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, kódà tó bá fẹ́ ránṣẹ́ pé òun ò mọ̀nà, ọ̀dọ̀ 192.168.50.10 tó ń fèsì ló máa rán an sí, kò ní dé ọ̀dọ̀ PC. Ìlà kan péré lórí tìhín ló tán an:

ip route 192.168.10.0 255.255.255.0 10.0.0.1

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má kàn ping lásán, ẹ sọ ibi tó ti ń bọ̀: ping 192.168.50.10 source vlan 10. Tíyẹn bá dáhùn, ọ̀nà méjèèjì là. Kẹ́ ẹ sì tan ip routing (àṣẹ tó ń jẹ́ kí switch gbé packet láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn) o, torí ip default-gateway, ti switch fúnra ẹ̀ nìyẹn, kò kan PC kankan.

Àwọn kan á ní ká kúkú kọ default route sórí méjèèjì kí wọ́n kọjú síra wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Lóòótọ́ PC yẹn á rọ́nà, àmọ́ ẹ tracert (àṣẹ tó ń fi ibi tí packet ń gbà hàn) àdírẹ́ẹ̀sì tí ò sí lọ́dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn kẹ́ ẹ wò ó: 10.0.0.2, 10.0.0.1, 10.0.0.2, 10.0.0.1, wọ́n á máa gbá a síra wọn bẹ́ẹ̀ títí á fi pé ìgbésẹ̀ 30, ibi tí tracert ń dúró sí.