Ẹ Má Tíì Tú Báàgì Yẹn

Àṣà kan ti wọ Kàbbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ó ti gba Mọ̀pà kọjá, ó ń forí lé Ìsánlú: ẹni tó bá ti họ́lídè dé kò gbọdọ̀ tú báàgì. Báàgì onítáyà náà á jókòó sáàárín pálọ̀, àlejò á máa kọsẹ̀ lára rẹ̀, torí ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ gàdàgbà: ABV. Àbújá nìyẹn, láti Èkó! Ẹni tí ì bá wọ mọ́tò gba Àkúrẹ́ àti Ìkàrẹ́ wálé ló fò lọ sí Àbújá, tó tún wá wọ mọ́tò gba Lọ́kọ́ja, tó ń tẹ̀lé tírélà sìmẹ́ńtì lórí títì kọnkéré oníkìlómítà 43, láti Ọbàjànà dé Kàbbà. Ìwé náà kò ya. Ọpẹ́ ni.

Èmi ò bá ẹni tó sinmi jà o. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ni mò ń wò. Ọyẹ́ ti da eruku bo tẹlifíṣọ̀n débi pé èèyàn lè fi ìka kọ lẹ́tà síbẹ̀. Tanwíjí ti ń wẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Ewúrẹ́ àdúgbò ti sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ilé ìgbẹ́. Fíríìjì ńkọ́? Wọn ò tíì rìn jìnnà tí iná fi lọ, ẹja inú rẹ̀ sì ti jẹrà, omi pupa kan ṣàn jáde dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó wá pàdé wọn.

Ìyá àgbà òdìkejì ọ̀nà wọlé. "Òkun o, ẹ kú àbọ̀." Ó yọjú sí kíṣìnnì, ó di imú mú. "Ẹ kó o dànù, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nù ún, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé èédú sínú ẹ̀."

"Màmá, ó rẹ̀ wá ni o. Jẹ́ẹ̀tìlágì ni."

Jẹ́ẹ̀tìlágì, àárẹ̀ ẹni tó wọ bàálù lọ sílùú tí aago rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí tiwa! Èkó sí Àbújá, nǹkan bíi wákàtí kan lójú òfuurufú, tí aago ìlú méjèèjì kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ síra.

Aṣọ ìdọ̀tí wà nínú báàgì náà, inú ọyẹ́ yìí gan-an ló sì rọrùn láti fọ̀: èyí tí wọ́n bá sá láàárọ̀, wọ́n á ká a kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, báàgì á ṣófo. Bó bá ṣófo, wọ́n á gbé e pamọ́. Ta ni yóò wá mọ̀ pé wọ́n wọ bàálù?

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ọmọ náà mọṣẹ́: ó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ tí èèyàn bá gbá ní gbígbẹ, orí àga ló ń lọ bà lé. Ó nu fèrèsé, ó da omi dúrọ́ọ̀mù nù, ó kó ìgbẹ́ ewúrẹ́. Bó ṣe ṣe tán ni ìyàwó ilé gba aṣọ inulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò, ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì: "Iṣẹ́ ilé ò ní pa mí!" Àwọn èèyàn ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún sì mú wọn lágara lóòótọ́. Ọkọ ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Calabar ní Àjíǹde.