Àtúnṣe: Wọn kò kun ball python lọ́dà

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé dúdú àti búráùn nìkan ni àwọ̀ ball python, erè kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù. Pé èyí tó bá funfun, wọ́n kùn ún lọ́dà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àbínibí ni. Èyí tó jẹ́ àfín kò ní èròjà tó ń mú awọ dúdú, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi funfun pẹ̀lú àmì yẹ́lò, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Akọ àti abo tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ball python dúdú àti búráùn rárá lè bí i, bí àwọn méjèèjì bá gbé àbùdá náà sára: ẹyin 1 nínú 4, ní ìṣirò.

Ẹ wò ó nígbà tó bá bọ́ awọ. Ọ̀dà á bá awọ àtijọ́ lọ. Àwọ̀ àbínibí á tún yọ, á sì dán ju ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni oríṣi ball python tí wọ́n ń pè ní spider, tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bíi òwú aláǹtakùn: àbùdá tó fún un ní àwọ̀ náà ló ń mú orí rẹ̀ gbọ̀n.

Àánú ẹranko ló mú ọ̀pọ̀ pín àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín.